Olùkọ́ Ni Wọ́n, Ẹ Yé Sọ Wọ́n Di Akéde

Ìdájọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ yìí kò gùn, a ó sì kọ́kọ́ sọ ọ́ kí á tó ro ẹjọ́. Àwọn tó ń kó ọ̀dọ́ jọ ní Ìfọ̀nyìn àti agbègbè rẹ̀ láti kọ́ wọn ní eré orí ìtàgé, olùkọ́ ni wọ́n. Kí ìjọba kọ́múnù máa ṣe sí wọn bí a ti ń ṣe sí olùkọ́. Kí àwọn àjọ tó ń fún wọn lówó yé sọ wọ́n di akéde. Kí àwọn fúnra wọn náà sì gbà kí a yẹ iṣẹ́ wọn wò bí a ti ń yẹ iṣẹ́ olùkọ́ wò. Ẹni mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ tán.

Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, wà ní ẹkùn Plateau ní orílẹ̀-èdè Benin, pẹ̀lú Kétu, Pobè, Sakété àti Adja-Ouèrè. Ìkànìyàn ọdún 2013 ka ènìyàn tó lé ní 110,000 sí kọ́múnù náà, nínú àrọ́ńdísímà mẹ́fà: Ifangni fúnra rẹ̀, Banigbé, Daagbé, Ko-Koumolou, Lagbé àti Tchaada. Ìgólò, ẹnubodè tó kọjú sí Ìdíìrókò, wà nínú rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni àwọn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fẹnu kò lórí ààlà tó la ilẹ̀ yìí sí méjì, tí Ìfọ̀nyìn fi wà ní ìhín, tí Ìfọ̀nyìntẹ̀dó sì wà ní ọ̀hún, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọmọ tó bá dàgbà níbẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá, ó ń gbọ́ Ègùn, Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ ọ níwèé, sẹ́fà àti náírà ni ìyá rẹ̀ sì ń ná lọ́jà. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ pọ̀ tó báyìí kò ṣaláìní ohun tó fẹ́ sọ. Ẹni tí yóò kọ́ ọ bí a ṣe ń sọ ọ́ ní gbangba kí ayé gbọ́ ni kò pọ̀.

Iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Wọ́n rò pé kí ọmọdé wọ aṣọ ìró kan, kí ó máa fò sókè sódò, kí àwọn àgbà pàtẹ́wọ́, ó parí. Olùdarí tó mọṣẹ́ kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ó máa ń kó wọn dúró ní òbìrí, á kọ́ wọn bí a ṣe ń mí kí ohùn tó jáde, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá lè gbọ́ ọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pariwo. Á rán wọn lọ béèrè ìtàn lọ́wọ́ ìyá àgbà. Wọ́n á padà wá sọ ọ́, wọ́n á jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi nínú rẹ̀, láti inú àríyànjiyàn yẹn ni eré á ti yọ. Ọmọ tí kì í dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì á rí i pé òun lè dúró níwájú ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Èyí tó fẹ́ràn ìjà á kọ́ láti dúró de gbólóhùn ẹlòmíràn kí ó tó sọ tirẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn àìwá á mọ̀ pé bí òun kò bá yọjú sí ìdánrawò, ẹni mẹ́wàá ni kò ní rí iṣẹ́ ṣe lọ́jọ́ náà. Ìkẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí a bá ní ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò jẹ́ olùkọ́, a kò rí ìdí tí ẹni tó ń kọ́ ọmọ láti ronú, láti sọ̀rọ̀ àti láti gbọ́ tẹnìkejì kò fi ní jẹ́ olùkọ́.

Ilẹ̀ yìí kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ìtàn sọ pé Kétu ni orísun rẹ̀, ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó gbé bẹ́ǹṣì ilé ìwé wọ Plateau. Ní 2001 ni UNESCO kéde rẹ̀ ní ọ̀kan lára àwọn ohun ìjogún àgbàyanu tí a ń fi ẹnu àti ìṣe jogún, ní 2008 wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ìjogún gbogbo ayé, ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo pa pọ̀. Ẹni tó bá wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dáadáa á rí ohun tí a ń pè ní ètò ẹ̀kọ́ lóde òní. Agbẹ́gilére wà, aránṣọ wà, onílù wà, oníjó wà, akọrin wà, olúkúlùkù wọn sì ní ọmọ tó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ní òru Ẹ̀fẹ̀, akọrin á dúró láàárín ọjà, á dárúkọ ìwà tí ìlú ń bò mọ́lẹ̀, àwọn ará ìlú sì gbà fún un, torí ọba kì í mú ọ̀kọrin. Ẹgbẹ́ náà ní olórí obìnrin, àwọn ìyá ni wọ́n sì ń ṣe é fún. Ohun mẹ́ta tí à ń béèrè lónìí lọ́wọ́ eré ọ̀dọ́ ló ti wà níbẹ̀: ẹ̀kọ́ tí kì í dáwọ́ dúró, òmìnira láti sọ òótọ́, àti àyè àṣẹ fún obìnrin.

Ilé ẹ̀kọ́ kejì dé láti òkèèrè. Ní 1933, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Dahomey, Benin òde òní, ní ilé ẹ̀kọ́ William-Ponty, tó wà ní Gorée ní Senegal nígbà náà, ṣe eré kan lórí ìpàdé Béhanzin, ẹni tó di ọba Dahomey, àti Bayol, aṣojú Faransé tó wá sí Abomey ní 1889, ọdún kan náà tí wọ́n fa ààlà Ìfọ̀nyìn. Àwọn olùkọ́ wọn máa ń rán wọn ní iṣẹ́ nígbà ìsinmi kí wọ́n lọ kó ìtàn àti àṣà ilé jọ, wọ́n á sì fi èyí tí wọ́n kó wá ṣe eré. Ní 1937, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ponty gbé eré dé Paris, sórí ìtàgé Champs-Élysées; ọ̀kan nínú méjì tí wọ́n ṣe, Sokamé, ọwọ́ àwọn ọmọ Dahomey ló ti wá. Ìmọ̀ràn tó dára wà nínú rẹ̀: kí ọmọ lọ sílé lọ gba ìtàn. Ṣùgbọ́n Faransé ni wọ́n fi ṣe é, olùkọ́ àwọn aṣẹ́gun ló ń pinnu èyí tó dára, ìyá tó sọ ìtàn náà fún ọmọ rẹ̀ kì bá gbọ́ ohun tí ọmọ náà ń sọ lórí ìtàgé. Ó di 1966 kí Jean Pliya tó tẹ eré Kondo le requin jáde, kí ọmọ ilẹ̀ yìí tó mú Béhanzin kan náà padà wá sí iwájú àwùjọ gẹ́gẹ́ bí ọba tó gbèjà ilẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àwọn àjọ la ó kọ́kọ́ mú, nítorí àṣà Ponty ni wọ́n ń bá lọ láìmọ̀. A kò sọ pé eré ìlanilọ́yẹ̀ kò wúlò. Ní 2003, wọ́n kó ọmọ tó lé ní igba kúrò ní ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́bàá Abẹ́òkúta, wọ́n sì dá wọn padà sí Benin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, agbègbè Zakpota ni wọ́n ti mú wọn lọ. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, eré tó bá wọ abúlé tí kò sí tẹlifíṣọ̀n, tó fi han òbí ohun tó ń dúró de ọmọ tí àlejò fi kẹ̀kẹ́ tàbí rédíò tọrọ, lè gba ẹ̀mí là. Àwọn òṣèré tó ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Benin yẹ fún ìyìn, a kò ní fi ọ̀rọ̀ wa dín iṣẹ́ wọn kù.

Ohun tí a lòdì sí ni ìgbà tí eré ìlanilọ́yẹ̀ di gbogbo ohun tó kù. Ètò náà ti di ọ̀kan náà níbi gbogbo, ẹni tó bá ń gbé inú iṣẹ́ yìí mọ̀ ọ́n bí orúkọ rẹ̀. ONG kan, ìyẹn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, gba owó fún oṣù mẹ́ta. Kókó ti wà nílẹ̀: ibà, ọwọ́ fífọ̀, oyún òjijì, ìgbẹ́ ìta gbangba. Ìparí eré náà ti wà nílẹ̀ pẹ̀lú: ẹni tó gbọ́ràn rí ire, ẹni tó kọ̀ kú tàbí kó kábàámọ̀. Olùdarí gba ọ̀sẹ̀ méjì láti kó ọmọ jọ, wọ́n pín ẹ̀wù tí àmì ilé iṣẹ́ wà láyà rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n pín owó ọkọ̀, ìròyìn iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó sanwó, ó di ọdún mìíràn. Kò sí ẹni tó béèrè bóyá ọmọ tó sọ̀rọ̀ ọwọ́ fífọ̀ lórí ìtàgé náà kọ́ nǹkan kan tó jẹ́ tirẹ̀. Pátákó ìpolówó tó ní ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe.

Ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ náà ì bá sọ bí a bá bi wọ́n. Ní oṣù kẹjọ 2019, Nàìjíríà ti àwọn ẹnubodè orí ilẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ṣí ẹnubodè Sèmè ní oṣù kejìlá 2020, ṣùgbọ́n ó di oṣù kẹrin 2022 kí wọ́n tó gbà kí Ìdíìrókò ṣí padà fún òwò. Ó lé ní ọdún méjì ààbọ̀ tí ilé tó ń fi Ìgólò jẹun fi ń wá ọ̀nà mìíràn. Bàbá tí ẹrù rẹ̀ há, ìyá tí ọjà rẹ̀ jẹrà, ẹ̀gbọ́n tó ń gbé epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo lórí ọ̀kadà ní òru, tí iná lè jó nígbàkigbà, aṣọ́bodè tó ń gbowó lọ́wọ́ èyí tó kọ́ ilé ìwé pẹ̀lú rẹ̀: eré tó ń dúró de ẹni tí yóò ṣe é ni gbogbo wọn. Nígbà tí Nàìjíríà tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, owó kpayo fò sókè, ìtàn mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ní Ìfọ̀nyìn mọ ọ̀rọ̀ yìí ju òǹkọ̀wé ìlú ńlá lọ. Bí a bá wá fún un ní ìwé eré lórí ọwọ́ fífọ̀, à ń sọ fún un pé ohun tó mọ̀ kò tó nǹkan.

Ọ̀nà mìíràn wà, àwọn tó tọ̀ ọ́ sì wà ní Áfíríkà níhìn-ín. Ní Burkina Faso, Prosper Kompaoré dá Atelier Théâtre Burkinabè sílẹ̀ ní 1978, ó sì sọ eré àpérò di ohun tí ará oko mọ̀: òṣèré á ṣe ìṣòro náà dé ibi tó ti le jù, wọn á dúró, ẹni tó ń wòran á dìde, á bọ́ sí àyè òṣèré, á fi hàn bí òun ì bá ti ṣe é. Kò sí ìparí tí wọ́n kọ sílẹ̀ láti ọ́fíìsì. Ní Kamiriithu, abúlé kan ní Kenya, àwọn àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ fi ọwọ́ ara wọn kọ́ gbàgede eré ní 1977. Ngũgĩ wa Thiong'o àti Ngũgĩ wa Mirii ló kọ ìwé eré tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní èdè Gikuyu, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ló ń tún un ṣe nígbà ìdánrawò, torí pé àwọn ló mọ iye tí wọ́n ń gbà ní oko tíì àti bí àgbàlagbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà ni ibùdó náà jẹ́ kí ó tó di ibùdó eré. Àwọn tó kọ́ ìwé kíkà níbẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe eré náà. Ìyẹn ni a ń pè ní ẹ̀kọ́ nípa eré.

Kamiriithu náà ló sì fi hàn wá ìdí tí àwọn aláṣẹ fi máa ń fẹ́ràn eré ọwọ́ fífọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n gba ìwé àṣẹ eré náà padà. Ọdún náà kò tíì parí tí wọ́n fi ti Ngũgĩ wa Thiong'o mọ́lé láìsí ẹjọ́. Ní 1982, wọ́n wó gbàgede náà. Nílé wa níhìn-ín, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà fòfin de ẹgbẹ́ eré Hubert Ogunde ní 1964 nítorí eré rẹ̀, Yorùbá Ronú, ó sì di 1966, lẹ́yìn tí ológun gba ìjọba, kí gómìnà ológun, Adékúnlé Fájuyì, tó mú òfin náà kúrò. Ìjọba tó fòfin de Ogunde ti wọlẹ̀. Ogunde ṣì ń ṣeré títí ó fi kú ní 1990. Kí mẹ́ẹ̀rì tàbí ìgbìmọ̀ kọ́múnù tó bá ń bẹ̀rù ohun tí ọmọdé lè sọ lórí ìtàgé rántí èyí.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ ìjọba kọ́múnù. Òfin 97-029 ti oṣù kìíní ọdún 1999, tó dá ètò kọ́múnù sílẹ̀ ní Benin, gbé kíkọ́ àti títọ́jú ibi tí ọ̀dọ́ ti ń péjọ, ibi eré ìdárayá àti ibi ìgbafẹ́ lé kọ́múnù lọ́wọ́. Kò sọ pé bí owó bá ṣẹ́kù ni. Òfin 2021-14 ti oṣù kejìlá ọdún 2021, tó tún ètò náà tò, sì fi ìṣàkóso ojoojúmọ́ sọ́wọ́ akọ̀wé tí wọ́n ń pè ní secrétaire exécutif, kí iṣẹ́ má baà dúró nígbà tí mẹ́ẹ̀rì bá yí padà. Nítorí náà, àwáwí àtijọ́ pé mẹ́ẹ̀rì tuntun kò mọ̀ nípa ìlérí mẹ́ẹ̀rì àná kò tún tà mọ́.

Ohun tí à ń béèrè lọ́wọ́ kọ́múnù kò tó ohun tí wọ́n ń ná sórí àpéjọ kan ṣoṣo. Yàrá kan tó ní òrùlé, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń tì, tí ó ní iná, tí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ lè máa lò ní ọ̀sán Ọjọ́rú àti Sátidé láìtọrọ. Ìlà kan nínú ìwé ìnáwó ọdọọdún tó dárúkọ ẹ̀kọ́ eré fún ọ̀dọ́, kí ó má jẹ́ owó tí a ń yọ lára «oríṣiríṣi». Owó oṣù díẹ̀, tàbí owó wákàtí, fún olùdarí tó bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. A mọ̀ pé wọ́n á ní ọ̀nà kò dára, omi kò tó, ilé ìwòsàn ń béèrè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Ọ̀dọ́ tí a kò rí owó kékeré ná lé lórí lónìí, owó ńlá la ó fi wá a lọ́la, ní àtìmọ́lé, ní ẹnubodè tàbí ní òkun.

Ìjọba orílẹ̀-èdè ní tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò Classes culturelles, tó ń mú iṣẹ́ ọnà wọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó dára, a sì kí wọn. Láti 1991 ni FITHEB, àjọ̀dún eré orí ìtàgé àgbáyé ti Benin, ti wà. Alougbine Dine dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Togbin, lẹ́bàá Kútọnu, fún ẹni tó fẹ́ fi eré ṣe iṣẹ́ jẹun. Kò sí èyí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó dé ọ̀dọ̀ ọmọ tó fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta tó sì ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Banigbé, tàbí èyí tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní Daagbé. Ẹgbẹ́ àdúgbò nìkan ló lè gba ọmọ tí kò ní ìwé ẹ̀rí, tí kò ní owó ọkọ̀ dé Kútọnu, tó sì jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ni ọ̀gá rẹ̀ ń fi í sílẹ̀. Iṣẹ́ tí kò sí ẹlòmíràn tó ń ṣe é ni wọ́n ń ṣe. Ó tó ìdí láti sanwó fún wọn.

Ó wá kan àwọn olùdarí fúnra wọn. A ti gbèjà wọn. A kò ní bò wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ kí a pe òun ní olùkọ́ gbọ́dọ̀ gba ẹrù olùkọ́.

Èkíní ni ààbò ọmọ. Ìdánrawò máa ń pẹ́, ìrìn àjò máa ń wà, àwọn ọmọbìnrin máa ń sùn níta ilé bí ẹgbẹ́ bá lọ ṣeré ní ìlú mìíràn, olùdarí sì ni gbogbo wọn ń wojú rẹ̀ fún ipa tó dára nínú eré. Níbi tí agbára bá ti wà lọ́wọ́ ẹnìkan báyìí, ìwà ìbàjẹ́ lè wọlé. Òfin 2015-08 ti 2015 lórí ọmọdé ní Benin dáàbò bo ẹnikẹ́ni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún. Òfin 2021-11 ti 2021 sì le sí i lórí ẹni tó bá fi ipò rẹ̀ bá akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ọmọ iṣẹ́ lò pọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní àgbà méjì nínú yàrá ní gbogbo ìgbà, tí obìnrin kò sí lára wọn, tí kò gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí, tí kò sì dá ọmọ padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fún un ní ọmọ rẹ̀. A kò rí àwáwí kankan níbí.

Èkejì ni ìṣirò owó. Olùdarí tó bá gba owó ní orúkọ ọmọ gbọ́dọ̀ lè fi ìwé hàn, kí àwọn òbí sì lè kà á. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ti tú ká nítorí pé ẹnìkan ló mọ iye tó wọlé. Ẹ̀kẹta ni èdè. Ẹgbẹ́ tó bá ń fi Faransé nìkan ṣeré ní Tchaada tàbí ní Lagbé ń ṣeré fún aṣojú ONG tó jókòó níwájú. Kí Yorùbá àti Ègùn wà lórí ìtàgé, kí Faransé wọlé níbi tí ìtàn bá ti pè é, bí ó ti ń wọlé nínú ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ náà fúnra wọn.

Ẹ̀kẹrin, èyí tí a kà sí pàtàkì jù, ni ìfilélẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùdarí ló ń di ẹgbẹ́ mú títí á fi rẹ̀ wọ́n, ẹgbẹ́ á sì bá wọn lọ. Ẹ wo Bàrígà ní Èkó. Ní 1996 ni Ṣẹ́gun Adéfilá dá Crown Troupe of Africa sílẹ̀ níbẹ̀, láàárín àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù bani. Lára àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ni Ṣeun Awóbàjò, ẹni tó dá Footprints of David sílẹ̀ ní Bàrígà kan náà, tó sì ń fi ijó, ìlù àti eré kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò. Ẹnìkan kọ́ ẹnìkan, ẹni tó kọ́ náà dá tirẹ̀ sílẹ̀, àdúgbò náà kò tíì tán ní òṣèré. Òṣùwọ̀n tí a ó fi máa wọn olùdarí ní Ìfọ̀nyìn nìyẹn: nínú àwọn ọmọ tó kó jọ ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, mélòó ló lè darí ìdánrawò lónìí bí olùdarí kò bá wá? Bí ìdáhùn bá jẹ́ òdo, ẹni tó ń dá àwọn ènìyàn lára yá ni, kò tíì di olùkọ́.

Àwọn òbí kan á sọ pé eré kò ní fún ọmọ ní oúnjẹ, pé alárìnjó ni a ń pè wọ́n láyé àtijọ́, tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fi ọmọ fún wọn. A gbọ́. Ṣùgbọ́n a kò sọ pé kí gbogbo ọmọ di òṣèré. Ọmọ tó kọ́ láti sọ̀rọ̀ kí ènìyàn gbọ́, láti rántí ohun tí a gbé lé e lọ́wọ́, láti bá ẹni tí kò fẹ́ràn ṣiṣẹ́ pọ̀ títí ohun kan fi parí, á lò ó nídìí télọ̀, á lò ó nídìí ọjà, á lò ó bí ó bá di agbẹjọ́rò tàbí ọmọ ìgbìmọ̀ kọ́múnù. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé Ifẹ̀. Ìlú tí ọmọdé kò bá ti ní ibi tí yóò ti sọ tirẹ̀, ọgbọ́n àgbà nìkan ló kù ú kù.

Nítorí náà, ìdájọ́ wa rèé. Kí ìjọba kọ́múnù Ifangni fi ẹ̀kọ́ eré fún ọ̀dọ́ sí ìlà tirẹ̀ nínú ìnáwó tó ń bọ̀, kí ó sì ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún un, kí ó má ṣe fi ẹnu sí ohun tí àwọn ọmọ yóò ṣe nínú rẹ̀. Kí àjọ tó bá fẹ́ lo ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ fún ìlanilọ́yẹ̀ sanwó fún ọdún kan, kí ó yé sanwó fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó sì fi yíyan ìtàn àti ìparí rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe é. Kí olùdarí tó bá fẹ́ owó náà fi orúkọ àgbà méjì tó ń bójú tó àwọn ọmọ, ìwé ìṣirò owó àti orúkọ ọmọ tó ń tọ́ láti gba ipò rẹ̀ hàn. Èyí tó bá ṣe gbogbo rẹ̀, kí a sanwó fún un bí olùkọ́. Èyí tó bá kọ̀, kí a gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, bí ó ti wù kí eré rẹ̀ dùn tó.